Ẹnu Tí Mo Fi Polówó Ìjà

Okùn ni adájọ́ dá fún mi. Ó ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi, kí Ọlọ́run sì ṣàánú ọkàn mi. Ó ti pé ọdún mélòó kan báyìí. Gómìnà kò tíì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n máa fi pa mí. Bó bá fọwọ́ sí i lọ́la, ó fọwọ́ sí i náà nìyẹn. Ẹ má tìtorí mi sunkún o. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Ẹ̀wà ọgbà ẹ̀wọ̀n tí gbogbo èèyàn ń bú, èmi ń jẹ ẹ́, mo sì ń bi wọ́n bóyá ó kù nínú ìkòkò. Wọ́dà kan wà tó ń ṣọ́ wa, ọmọ Ìwó ni. Ó máa ń bi mí pé, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o mọ ibi tó o wà ṣá?" Màá ní, "Ọ̀gá, mo mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Ẹ̀yin ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, èmi kì í lọ." A ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ọkàn mi balẹ̀. Ó nídìí tó fi balẹ̀, ìdí yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ sọ. Lọ́yà mi ní kí n má kọ ọ́. Ó ní bí mo bá kọ ọ́, mo ti fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó kù fún mi, ìyẹn àánú gómìnà. Lọ́yà, ẹ má bínú. Ẹ ṣiṣẹ́ yín dáadáa, èmi ni mi ò jẹ́ kó dára.

Ọmọ Ẹdẹ ni mí. Ọ̀kadà ni mò ń gùn, Ẹdẹ sí Sẹkọna, Sẹkọna sí Ẹdẹ, lójoojúmọ́ ayé. Onítẹ̀bọmi ni àwọn òbí mi. Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá mi kò sì mọ oúnjẹ kankan sè kọjá iṣu. Ilé tó tẹ̀ lé tiwa ni ilé Àlàbí, ilé Mùsùlùmí. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ìyá Àlàbí ń ta ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn lọ́jà. Bó bá bu oúnjẹ, abọ́ méjì ni yóò kọ́kọ́ bù ú sí, ti Àlàbí àti tèmi, ẹran inú méjèèjì á sì dọ́gba. Màmá ni mò ń pè é. Ọmọ mi ni òun náà ń pè mí.

Obìnrin mẹ́rin ló bí kó tó bí Àlàbí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkùnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn obìnrin púpọ̀ là ń fi oríkì yẹn kí. Lọ́jọ́ kan, ó ń gé ọṣẹ lọ́wọ́, ó wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nílé ọkọ fún àwa méjèèjì. Ó ní nígbà tí òun bí ìkẹrin, ìyá ọkọ òun kò wá wo ọmọ. Nígbà tí òun tún lóyún, àwọn ará ilé ọkọ ń wo ikùn òun, wọ́n ń sọ pé, "Ìkarùn-ún ń bọ̀ o." Bí òun bá gbé omi kọjá, "Ìkarùn-ún ń bọ̀." Bí òun bá jókòó jẹun, "Ìkarùn-ún ń bọ̀." Ọjọ́ tí òun bí Àlàbí ni wọ́n tó pa ẹnu dé. Ó sọ ọ́ tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ẹ má gbé e jáde o. Ẹ̀yin ọmọ mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

Àwa méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni. Àlàbí ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà, èmi ń gun ọ̀kadà, ṣùgbọ́n bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, a ó pàdé lábẹ́ àtíbàbà kóòṣì tó ń kọ́ wa, níbi tó so àpò iyanrìn rọ̀ fún wa láti máa lù. Ẹ̀ṣẹ́ Àlàbí dára ju tèmi lọ. Kí n má purọ́, ó dára jù ú lọ fíìfíì. Èmi kàn lágbára, mo sì lẹ́nu.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kéré púpọ̀. A lọ jà ní Awo, ní pápá ilé ìwé kan. Ẹni tí wọ́n fún mi láti bá jà, ọkùnrin gìrìwò kan ni, ṣùgbọ́n ṣòkòtò tó wọ̀ tóbi jù ú lọ, ọwọ́ kan ló fi ń jà, ó ń fi èkejì gbé ṣòkòtò. Mo dúró, mo kọjú sí àwọn òǹwòran, mo ní, "Ẹ dákun, ẹ bá mi bi í, ṣé ìjà ló wá jà ni, àbí ó wá fi ṣòkòtò bàbá rẹ̀ han ìlú?" Háà! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Ìtìjú pa ọkùnrin náà, mo sì nà án. Mi ò lè ṣàlàyé bí ẹ̀rín yẹn ṣe dùn tó létí mi. Ó dùn ju bí mo ṣe borí lọ. Nígbà tí mò ń gun ọ̀kadà bọ̀ wálé, ẹ̀rín yẹn ni mò ń gbọ́.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó máa ń ṣètò ìjà. Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é. Ó sanra, ó sì máa ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ro etí bó bá ń ronú. Ó pè mí.

"Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ sísọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà."

"Akànṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ yìí bí erùpẹ̀. Ẹni tó lè mú kí èèyàn ti ṣọ́ọ̀bù pa wá wòran ni mò ń wá. Máa jà díẹ̀, máa sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Bí mo ṣe di Ẹlẹ́nu nìyẹn. Ẹlẹ́nu ni wọ́n kọ sí ara pósítà, òun ni àwọn èèyàn ń pè mí lójú títì. Lọ́jọ́ kan, mo ru ẹní àti ìrọ̀rí wọ ojú ìjà, mo tẹ́ ẹ sí igun alátakò mi, mo ní kó sùn dáadáa, èmi ò ní pẹ́ kàn án. Lọ́jọ́ mìíràn, mo gbé ìgbálẹ̀ wá. Wọ́n ń fi fóònù ká a sílẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò sọ pé ìpolówó burú. Ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa rẹ̀, ta ni yóò wá wò ó? Àlàbí gan-an fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló bá mi ru ìrọ̀rí yẹn dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà tó yá, Àlàájì pè mí, ó ní, "Ìwọ àti Àlàbí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ jọ jà báyìí."

"Àlàájì, ọ̀rẹ́ mi ni. Ilé wọn ni mo ti ń jẹun."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ kórìíra ara yín. Ohun tí mo ní ni pé kí ìlú rò pé ẹ kórìíra ara yín."

Mo sọ ọ́ fún Àlàbí, ó bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà wọn la ti ń múra èébú sílẹ̀. Àní èmi ni mò ń ro èébú tí òun yóò bú mi, òun náà ń ro tèmi fún mi. Ìgbádùn ńlá ni.

Mo ní, "Sọ pé ẹsẹ̀ mi rí gbọ̀jẹ̀gẹ̀."

"Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ṣáà sọ ọ́! Ta ló bi ẹ́ ní òótọ́?"

"Ó dáa. Ìwọ náà, máa sọ̀rọ̀ sí imú mi. Imú mi tóbi lóòótọ́."

Ìgbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ẹnu ò gbọdọ̀ wọlé o. Imú mi, ẹsẹ̀ mi, ẹ̀ṣẹ́ mi, gbogbo ẹ̀ ni mo fún ẹ. Ilé ni mi ò fún ẹ. Màámi ò sí níbẹ̀."

Mo ní, "Orí mi dàrú ni?" A bọ ara wa lọ́wọ́.

Àwa méjèèjì kó sínú ìpolówó. Mo gbé gbohùngbohùn sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mò ń yí Ẹdẹ po, mò ń bú imú Àlàbí. Òun náà ń ṣe fídíò, ó ń bú mi. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìlú ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín rọlẹ̀. Àlàájì ro etí títí. "Imú, imú, imú! Ṣé imú la fẹ́ tà ni? Ẹ wá nǹkan tó ta." Kò sọ fún mi pé kí n sọ ohun tí mo sọ o. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà.

Ó di ọjọ́ ọjà kan, wọ́n gbé èmi àti Àlàbí dúró sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan lẹ́nu ọjà, oníkálukú pẹ̀lú máìkì tirẹ̀. Ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ni Àlàbí ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ má dá Ẹlẹ́nu lóhùn. Ewúrẹ́ bàbá rẹ̀ ló fi kọ́ ẹ̀ṣẹ́. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ kàn án padà ló sá wá sọ́dọ̀ kóòṣì." Kò sí nínú èyí tí a jọ múra. Fúnra rẹ̀ ló rò ó níbẹ̀. Ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún rẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin ń di ara wọn mú. Nǹkan kan sì gún mi láyà. Ẹ̀rín tèmi kò tíì pọ̀ tó yẹn rí. Èmi ni Ẹlẹ́nu, òun ló wá gba ẹ̀rín.

Mo gbé máìkì sẹ́nu. "Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin mẹ́rin ni ìyá eléyìí bí? Wọ́n ní òun ni ọkùnrin. Irọ́ ni! Ìkarùn-ún nìyí! Ìkarùn-ún dé o!"

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo wo Àlàbí. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí lójú bí ẹni tí kò dá mi mọ̀. Bí mo bá ní "ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í sọ" níbẹ̀, bóyá ì bá tán. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo pariwo, "Ìkarùn-ún!" Gbogbo ọjà dáhùn, "Dé!" Mo tún pè é, wọ́n tún dáhùn.

Ìsọ̀ Màmá kò jìnnà síbẹ̀. Gbohùngbohùn ò kúkú mọ ẹni tí kò yẹ kó gbọ́. Wọ́n ní ó kó ọṣẹ rẹ̀ sínú agbọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bo agbọ̀n, ó gba ẹ̀yìn ọjà lọ sílé. Ẹnu jẹ, ojú ò tì: èmi nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Àlàbí wá bá mi níbi tí àwa ọlọ́kadà máa ń dúró sí.

"O wọlé."

"Eré ni, Àlàbí. Ṣé o rí bí wọ́n ṣe ń pariwo? Àlàájì ní kò sí irú ẹ̀ rí."

"Màámi ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tọjà dé. Lọ bẹ̀ wọ́n."

"Màá lọ lẹ́yìn ìjà. Báwọn èèyàn bá rí mi tí mò ń wọlé yín báyìí, ìpolówó ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Ìpolówó," ni ó wí. Ó sì lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pe Àlàbí ní Àlàbí mọ́ nílùú. Ìkarùn-ún ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń pe Màmá ní Ìyá Ìkarùn-ún, lójú rẹ̀. Èmi kò sì dúró síbẹ̀. Mo tún ṣe fídíò kan, mo fi ẹ̀jẹ́ sí i: "Bí Ìkarùn-ún bá na èmi Ẹlẹ́nu, màá ró ìró, màá wé gèlè, màá jókòó sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀, màá ta ọṣẹ!" Nínú òmíràn, mo ní màá pa á. Mo ní màá sin ín. A máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ wa, gbogbo ayé mọ̀.

Òṣogbo la ti ja ìjà náà, nínú gbọ̀ngán ńlá kan, lọ́sàn-án gangan. Èrò kún fọ́fọ́. Èmi ń jó, mò ń yọ ahọ́n. Àlàbí kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ní abala kẹrin, ó kàn mí lẹ́ṣẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ ìhà, èémí mi já, mo kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà. Wọ́n ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, mi ò lè dìde. Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ sí mi létí pé, "Ó tán. Ṣáà lọ bẹ Màámi."

Mi ò lọ. Ojú ń tì mí. Bí ojú bá ń ti èèyàn tó báyìí, ẹsẹ̀ ò lè gbé e dé ibi tó yẹ kó lọ.

Ìlú kò sì jẹ́ kí n simi. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà mi á bi mí pé, "Ẹlẹ́nu, ọṣẹ dà?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pólì á rí mi lókèèrè, wọ́n á máa kọrin ìró àti gèlè. Ẹnìkan so gèlè àlòkù mọ́ ọwọ́ alùpùpù mi nígbà tí mo wọlé lọ ra omi. Èmi ni mo kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀. Mi ò jáde ṣiṣẹ́ mọ́. Mo jókòó sílé, mo ṣe fídíò ìkẹyìn: "Ẹni tó bá gbé ìró wá bá mi, kí àwọn èèyàn rẹ̀ ti lọ ra pósí." Mo rẹ́rìn-ín ní ìparí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, mo sì ń tún un wí fún ara mi lójoojúmọ́. Òmùgọ̀ ni mí. Ikú ẹni tí ẹ̀sín bá ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ pé kó lọ pa ẹlòmíràn.

Ó di àárọ̀ Sátidé kan. Mo wà níwájú ilé wa, mò ń gbé irin tí mo fi ń mú ara le. Obìnrin kan tó ń gbé inú ilé wa ń fọṣọ nítòsí. Àlàbí wọlé wá, ó gbé ọ̀rá dání. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi tó ti ń pariwo, "Ìyàwó ilé o! Ẹ jáde wá, mo kó aṣọ yín dé! Ọjà ti ń kún, ọṣẹ ń dúró!" Obìnrin tó ń fọṣọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń kọjá lọ dúró, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Àlàbí fa ìró kan yọ nínú ọ̀rá, ó fi kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó sì jó díẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màámi ní kó o máa bọ̀."

Mo gbé irin, mo fi lù ú lórí. Ó ṣubú. Mo tún lù ú lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀rín dá. Obìnrin yẹn ń pariwo, àwọn ọkùnrin yẹn di mí mú, èmi ò sì janpata. Wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n sá lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Mo ṣì jókòó sílẹ̀ níwájú ilé nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé.

Nílé ẹjọ́, gbogbo fídíò mi ni wọ́n gbé wá. Wọ́n ń fi wọ́n hàn ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ògbufọ̀ ń túmọ̀. Màá pa á. Màá sin ín. Ẹ lọ ra pósí. Mo ní eré ni, ìpolówó ni. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bi mí pé, "Èwo ni eré nínú wọn, èwo ni kì í ṣe eré?" Mo la ẹnu, mi ò rí ohunkóhun sọ. Èmi Ẹlẹ́nu.

Wọ́n pe Màmá kó wá jẹ́rìí. Ó ní, "Èmi ni mo rán Àlàbí. Ìró mi ni. Mo ní kó fi bá a ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, kí wọ́n jọ máa bọ̀. Ìsọ̀ mi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ì bá ti ró o, níwájú èmi nìkan, kó ta ọṣẹ kan péré, kí n rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ náà tán." Bí a ṣe ń parí ìjà ládùúgbò wa nìyẹn. Ẹni tí o bá ti lè bá ṣàwàdà, ìjà tán láàárín yín.

Lọ́yà mi dìde, ó fi ọ̀rọ̀ yẹn gbèjà mi. Ó ní ìró yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní mi ò gbọ́ ohun tí olóògbé sọ, mo rò pé ó wá dójú tì mí ni, inú bí mi lójijì, ojú mi ṣú. Ó ní bí kò bá sí ìró yẹn, ikú kì bá tí wáyé. Mo rí Màmá níbi tó jókòó sí. Orí rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sì gbé e sókè mọ́ títí wọ́n fi tú ká. Mo mọ̀ pé irọ́ ni lọ́yà ń pa, torí èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́ náà. Mo dákẹ́. Adájọ́ kò gba irọ́ ọ̀hún, ó dá ẹjọ́ ikú fún mi. Lọ́yà mi pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, orí ọ̀rọ̀ ìró yẹn náà ló sì gbé e lé.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, mi ò mọ oorun. Bàbá mi wá wò mí, ó sọ fún mi pé Màmá kò dé ọjà mọ́. Ó ní ó máa ń jókòó sílé, bí ẹnikẹ́ni bá kí i, ohun tó ń sọ ni pé, "Ìró mi ló pa ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ẹjọ́ adájọ́ lọ. Mo ránṣẹ́ sí i pé mo fẹ́ rí i. Ó kọ̀. Mo tún ránṣẹ́. Ó kọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá.

Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn wáyà. "Ẹ kú ọ̀nà, Màmá."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má bínú, mà. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín ni."

"Sọ ọ́. Ọ̀nà jìn."

"Mo mọ̀ pé eré ni Àlàbí ń ṣe. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ ohùn rẹ̀ tó bá ń ṣeré. Mo sì gbọ́ ohun tó sọ kẹ́yìn. Kì í ṣe ìró yín ló pa á, mà. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, òun ló mú wọn rẹ́rìn-ín. Ìdí tí mo fi lù ú nìyẹn. Bó bá jẹ́ búrẹ́dì ló mú wá, tí wọ́n ṣáà ti rẹ́rìn-ín, ǹ bá ṣì lù ú."

Ó wá ní, "Kí ló sọ kẹ́yìn?"

"Ó ní, 'Màámi ní kó o máa bọ̀.'"

"Bí mo ṣe rán an nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó jẹ́ iṣẹ́ yín pé."

Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Ṣé o sọ eléyìí fún adájọ́?"

"Rárá, mà. Màá sọ ọ́ fún wọn."

"Bó o bá sọ ọ́, wọ́n á pa ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ pé kó o má sọ ọ́."

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀ mí, mà."

Ó dìde, ó tún ìró ró. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. Kò ní òun dárí jì mí. Ohun tó sọ ni pé, "Ọjọ́ ọjà ni ọ̀la." Ó sì lọ.

Mo jókòó lọ́jọ́ náà, mo kọ̀wé pé kí wọ́n fa ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mi yọ. Lọ́yà bínú sí mi gidi. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, bàbá mi wá, ó ní Màmá ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń ta ọṣẹ, ó tilẹ̀ ń bá oníbàárà kan jà lórí èènì. Inú mi dùn débi pé mo jẹ oúnjẹ ẹni méjì. Oorun tí mo sùn lọ́jọ́ náà, wọ́dà ló wá jí mi. Ẹni tó bá ń rò pé inú mi ò lè dùn níbí, kò mọ ohun tó ti wà láyà mi tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kan ẹ̀ṣẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ò kan ẹ̀ṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹnu lẹ fi ń jà lórí fóònù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Mi ò ní kẹ́ ẹ má polówó. Ẹ ru ìrọ̀rí, ẹ gbé ìgbálẹ̀, ẹ bú imú ara yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fún yín ní oúnjẹ, tó sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kú síbẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣì í sọ, ẹ lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì yín. Nígbà tí ẹ bá bú èèyàn tí ìlú ń rẹ́rìn-ín, ẹ má wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí ẹ bú ni kẹ́ ẹ wò. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ò rí i. Èmi rí ojú Àlàbí lẹ́nu ọjà lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i kedere. Mo sì tún gbé máìkì sẹ́nu.